ORIN ÀWỌN TÍ Ó ṢÍKỌ̀ NÍ ETÍ Ọ̀SÀ

Ọ̀rọ̀ tí a fi lé wa lọ́wọ́ láti sọ fún yín ni ọ̀rọ̀ orin. Kì í ṣe orin inú ìwé orin mímọ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe orin tí a ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́, bí kò ṣe orin tí àwọn ará etí òkun àti etí ọ̀sà ń kọ nígbà tí ẹnìkan bá fẹ́ fi èbúté sílẹ̀, tí a kò sì mọ ọjọ́ tí a ó tún fi ojú kàn án. Àwọn kan lè béèrè pé, kí ni àlùfáà ní í ṣe pẹ̀lú irú orin bẹ́ẹ̀? Ìdáhùn wa ni pé àwa pẹ̀lú ti bi ara wa ní ìbéèrè náà rí, ìdáhùn tí a sì fún un nígbà náà kò tọ́. Kí ọ̀rọ̀ yìí tó dópin, a ó jẹ́wọ́ àṣìṣe wa níwájú yín.

I. ILẸ̀ NÁÀ ÀTI OMI RẸ̀

Bí ènìyàn bá fi Èkó sílẹ̀ tí ó sì kọjú sí ìlà-oòrùn, yóò bá ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan pàdé, tí ó nà gbọọrọ bí okùn láàárín omi méjì. Òkun ńlá wà ní ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ọ̀sà sì wà ní ọwọ́ òsì. Lórí iyanrìn yìí ni Ìkàtẹ́ wà, àti Ajah tí í ṣe ilẹ̀ Olúmẹ́gbọ́n, ọ̀kan nínú àwọn ìjòyè Ìdẹ́jọ ti Èkó. Bí a bá ń lọ síwájú sí i, a ó kan ilẹ̀ Ìbèjú, àti ìlú Lekki gan-an, tí ó jìnnà réré sí ibi tí àwọn ènìyàn òde òní ń pè ní Lekki. Ẹ̀pẹ́ sì wà ní òdìkejì ọ̀sà, lórí ilẹ̀ gíga. Ìjọba ìbílẹ̀ tí Ajah wà nínú rẹ̀ ń jẹ́ Etí-Ọ̀sà, orúkọ náà sì sọ òtítọ́: kò sí ẹni tí a bí níbẹ̀ tí kò gbọ́ ohùn omi kí ó tó gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ dáadáa.

Kí a tó la ọ̀nà títì láti Èkó dé Ẹ̀pẹ́, omi ni ọ̀nà. Ọkọ̀ ni ó ń gbé ẹja, àgbọn, ẹní àti gaàrí. Ọkọ̀ ni ó ń gbé ìyàwó lọ sí ilé ọkọ, òun náà ni ó sì ń gbé òkú lọ sí ilé baba rẹ̀. Níbi tí omi kò bá jìn, ọ̀pá gígùn ni àwọn awakọ̀ fi ń ti ọkọ̀ síwájú. Níbi tí ó bá jìn, wọ́n a mú àjẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ láti òkun bá sì dìde lẹ́yìn ọ̀sán, wọ́n a ta ìgbòkun, ọkọ̀ a sì máa sáré lọ sí ìhà Ẹ̀pẹ́ láìsí làálàá.

Orin jẹ́ apá kan nínú iṣẹ́ náà. Ẹnìkan a máa dá a, àwọn ìyókù a máa gbè é. Nígbà tí ègbè bá bẹ̀rẹ̀ ni gbogbo àjẹ̀ ń wọ inú omi lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹni tí ń dárin bá mú ohùn rẹ̀ yára, ọkọ̀ a yára. Bí ó bá fà á, apá àwọn awakọ̀ a rí ìsinmi. Bí orin bá dákẹ́ lójijì, àjẹ̀ a máa lu ara wọn, ọkọ̀ a sì yà kúrò lójú ọ̀nà. Àwọn àgbà máa ń wí pé òkun kì í hó ruru kí a wà á ruru. Orin ni kò jẹ́ kí a wà á ruru.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe orin awakọ̀ nìkan ni ó wà. Orin mìíràn wà tí kì í ṣe ẹni tí ó wà nínú ọkọ̀ ni ó ń kọ ọ́, bí kò ṣe ẹni tí ó dúró ní èbúté. Ìyá ni ó sábà máa ń dá irú orin yìí, tàbí aya, tàbí ẹ̀gbọ́n obìnrin. Nínú gbogbo irú rẹ̀ tí a ti fi etí wa gbọ́, láti Badore dé Ẹ̀pẹ́, ohun mẹ́ta ni kì í sọnù: a ó pe orúkọ ẹni tí ń lọ, a ó bẹ omi kí ó rọra, a ó sì dárúkọ ilé tí ó ń dúró de àbọ̀ rẹ̀. Ohun kẹta yìí ni kí ẹ fi sọ́kàn, nítorí lórí rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa dúró lé.

II. ÀWỌN ỌBA TÍ Ó ṢÍKỌ̀

Ní Èkó àtijọ́, ọ̀nà méjì ni ìjà oyè sábà máa ń gbà parí: ikú, tàbí ọkọ̀. Ẹni tí a bá ṣẹ́gun, tí ó sì rí ọkọ̀ wọ̀, ìrètí rẹ̀ kò tíì tán, nítorí omi tí ó gbé e lọ lè gbé e padà. Kòsọ́kọ́, ọmọ Òṣìnlókun, kọ́kọ́ ṣíkọ̀ lọ sí ìhà ìwọ̀-oòrùn, ó sì gbé ní Ouidah. Akítóyè tí í ṣe àbúrò baba rẹ̀ ni ó pè é padà wálé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Elétù Òdìbò kò fọwọ́ sí i. Ní ọdún 1845, Kòsọ́kọ́ dìde sí Akítóyè nínú ogun tí a ń pè ní Ogun Olómirò, ó sì gba ìlú. Ó wá kan Akítóyè láti wọ ọkọ̀. Ó gba odò Agbóyì lọ sí Abẹ́òkúta, lẹ́yìn náà ó lọ sí Àgbádárìgì. A sì gbọ́ nínú ìtàn pé Òṣòdì Tápà, tí í ṣe balógun Kòsọ́kọ́, ni ó mójú kúrò kí ó lè kọjá.

Ní ìparí oṣù Kejìlá ọdún 1851, àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì wọ inú ọ̀sà, wọ́n sì yìn ìbọn ńláńlá sí Èkó fún ọjọ́ mélòó kan. Àwọn ará Èkó sọ ogun náà ní Ogun Ahóyaya, nítorí ìlú hó bí omi orí iná. Àwọn mìíràn sì pè é ní Àgídìǹgbì, nítorí ohùn àwọn ìbọn wọ̀nyí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ ní ọjọ́ 28 oṣù náà, ìlú ti dá páropáro. Kòsọ́kọ́ àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ti ṣíkọ̀ lóru. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1852, Akítóyè tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pé òwò ẹrú ti parí ní Èkó.

Ẹ jẹ́ kí a ro òru náà wò. Kì í ṣe ọba kan ṣoṣo ni ó ń lọ, bí kò ṣe agbo ilé lórí agbo ilé: àwọn ìjòyè àti ẹrú wọn, àwọn obìnrin tí ó gbé ọmọ pọ̀n, àwọn arúgbó tí a fà wọ inú ọkọ̀. Wọ́n gba ojú ọ̀sà lọ sí ìlà-oòrùn, Ajah àti Badore wà ní ọwọ́ ọ̀tún wọn nínú òkùnkùn. Lẹ́yìn náà ni Awùjalẹ̀ Ìjẹ̀bú gbà kí wọ́n tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́. Ibẹ̀ ni Kòsọ́kọ́ ti jọba lórí àwọn ènìyàn rẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá, tí ó ń fi Lekki àti Palma ní etí òkun ṣe èbúté òwò. Ó gbìyànjú láti gba Èkó padà ní ọdún 1853, kò ṣeé ṣe. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1854, ó bá Consul Campbell ṣe àdéhùn ní Ẹ̀pẹ́: ó yọ ọwọ́ kúrò nínú oyè Èkó, a sì gbà pé tirẹ̀ ni Lekki àti Palma. Lẹ́yìn tí Dòsùnmú ti fi Èkó lé Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ ní oṣù Kẹjọ ọdún 1861, a yọ̀ǹda fún Kòsọ́kọ́ láti padà wálé ní ọdún 1862. Ó kú sí Èkó ní ọdún 1872.

Àwọn tí ó bá Òṣòdì padà dé ni a fún ní ilẹ̀ ní Èkó, ibẹ̀ ni a sì ń pè ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó títí di òní. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn ni ó padà. Àwọn tí ó jókòó sí Ẹ̀pẹ́ ni a ń pè ní Èkó Ẹ̀pẹ́, kí a má baà fi wọ́n pe Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́ tí ó ti wà níbẹ̀ ṣáájú wọn. Lẹ́yìn ọdún Iléyá lọ́dọọdún, wọ́n a máa ṣe àjọ̀dún Káyókáyó, láti rántí ọjọ́ tí ọkọ̀ Kòsọ́kọ́ gúnlẹ̀. Wọ́n a jẹ, wọ́n a mu, wọ́n a jó yíká ìlú, wọ́n a sì kọrin.

Ohun ìyanu ni èyí jẹ́ fún wa. Àwọn ènìyàn kan sá kúrò nílé lábẹ́ iná ìbọn; ọmọ-ọmọ wọn sì sọ ọjọ́ náà di ọjọ́ àjẹyó. Nígbà tí a bi àgbà kan ní Ẹ̀pẹ́ nípa rẹ̀, ó ní ẹni tí ó bá ṣíkọ̀ tí ó sì gúnlẹ̀ láàyè, ó yẹ kí ó kọrin. Ó tún ní bí wọn kò bá kọ ọ́, àwọn ọmọ yóò rò pé Ẹ̀pẹ́ ni a ti ṣẹ̀ wọ́n. Nínú orin wọn, Èkó ṣì ni ilé. Ọdún 170 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n ti lò ní Ẹ̀pẹ́, síbẹ̀ èbúté tí wọ́n fi sílẹ̀ kò tíì kúrò ní ẹnu wọn.

III. ÀWỌN TÍ KÒ SÍ ẸNI TÍ Ó KỌRIN FÚN WỌN

A kò gbọdọ̀ dá ọ̀rọ̀ dúró níhìn-ín, bí ẹni pé gbogbo ọkọ̀ tí ó kúrò ní etí omi yìí ni ó gbé ọba àti ìjòyè. Láti inú ọ̀sà kan náà, láti etí òkun kan náà, ni a ti kó àwọn tí a tà. Àwọn onímọ̀ ti ṣírò rẹ̀ láti inú ìwé àwọn ọlọ́kọ̀ pé ó ju 300,000 ènìyàn lọ tí a kó gba Èkó kọjá lọ sí òkè òkun. Kòsọ́kọ́ tí a ń kọrin nípa rẹ̀ jẹ́ oníṣòwò ẹrú ńlá. Ẹni tí ó mọ orin rẹ̀, ó yẹ kí ó mọ èyí pẹ̀lú.

Ọ̀kan nínú wọn kọ ìwé sílẹ̀ fún wa. Ọmọ Òṣogùn ni Àjàyí, tí a mú lẹ́rú ní ọdún 1821, tí ó padà di Bíṣọ́ọ̀bù Crowther. Nínú ìtàn tí ó kọ ní ọdún 1837, ó sọ bí a ṣe wọ́ ọ wọ inú ọkọ̀ kékeré kí ó tó dé Èkó, tí ó sì jẹ́ pé kò sí ohun tí ó bà á lẹ́rù bí omi náà àti èrò pé a ń gbé e lọ sí ayé mìíràn. Ọmọ òkè ni. Kò gbọ́ orin awakọ̀ rí, bí ó bá sì gbọ́ ọ lọ́jọ́ náà, kì í ṣe fún un ni a kọ ọ́. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1822 ni a kó o sínú ọkọ̀ Potogí ní Èkó. Àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà wọ́n sílẹ̀ lójú òkun, wọ́n sì kó wọn lọ sí Sàró. Òun ní tirẹ̀ padà. Àìlóǹkà ni kò padà.

Ẹ wo ìyàtọ̀ náà. Nígbà tí ọmọ apẹja bá ń lọ, ìyá rẹ̀ a dúró ní èbúté, a pe orúkọ rẹ̀, a bẹ omi, a sì dárúkọ ilé. Nígbà tí a bá ń ta ẹrú, ìyá rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ẹni tí ó wà níbẹ̀ kò mọ orúkọ rẹ̀. Kò sì sí ẹni tí ó retí àbọ̀ rẹ̀. Nítorí náà ni a kò fi bá orin wọn ní etí òkun wa.

Ṣùgbọ́n a bá a ní òdìkejì. Ní Bàhíà ní ilẹ̀ Bràsíìlì, ní ọjọ́ 2 oṣù Kejì lọ́dọọdún, àwọn apẹja àti ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa kó òdòdó àti ẹ̀bùn sínú ọkọ̀ fún Yemọja, wọ́n a sì gbé e lọ sójú agbami. Nínú orin àwọn ilé ìbọ wọn ni èdè Yorùbá wà títí di òní, lẹ́nu àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá mọ́. Àwa kò gba ohun tí wọ́n ń bọ gbọ́, ẹ̀yin náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní ọkàn yóò mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀: omi tí ó gbé baba wọn lọ ni wọ́n ń kọrin sí. Orin tí a kò kọ fún wọn ní èbúté Èkó, àwọn fúnra wọn kọ ọ́ nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀.

Láti ọdún 1839 ni àwọn Sàró ti bẹ̀rẹ̀ sí ra ọkọ̀ láti padà sí ilẹ̀ baba wọn, wọ́n sì gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Lẹ́yìn ìdìtẹ̀ Bàhíà ti ọdún 1835 ni àwọn Àgùdà bẹ̀rẹ̀ sí padà ní iye púpọ̀. Àwọn wọ̀nyí ni ó kó orin òkè òkun wá fún Èkó. Bí ẹ bá sì gbọ́ ìlù kan ní ìgboro Èkó tí ó dún bí ti Bràsíìlì, ẹ má ṣe pè é ní ti àjèjì. Ọmọ tí ó ti àjò dé ni.

IV. ỌKỌ̀ MÉÈLÌ ÀTI ÀWO ORIN

Ní ìgbà àwọn baba wa àgbà, ẹnu ọ̀sà Èkó jẹ́ ibi ẹ̀rù. Iyanrìn abẹ́ omi kò jẹ́ kí ọkọ̀ ńlá wọlé; ní ojú òkun ni a ti ń fi àpótí onígi tí a fi okùn so gbé èrò láti inú ọkọ̀ kan sí òmíràn, bí ìgbì ti ń gbé méjèèjì sókè sódò. Ní ọdún 1908 ni a bẹ̀rẹ̀ sí to òkúta sínú òkun láti fi ṣe ògiri ẹnu ọ̀sà, nígbà tí ó sì di ọdún 1914, ọkọ̀ òkun ńlá lè wọlé tààrà. Ẹ má ṣe gbàgbé ohun tí ògiri náà ṣe fún wa ní ìhà ìlà-oòrùn. Láti ìwọ̀-oòrùn ni omi ti ń gbé iyanrìn wá. Ògiri náà dá a dúró, òkun sì bẹ̀rẹ̀ sí jẹ ilẹ̀ tí kò rí iyanrìn gbà mọ́. Ohun tí ó ṣí ilẹ̀kùn fún Èkó ni ó bẹ̀rẹ̀ sí jẹ etí òkun lẹ́sẹ̀.

Nígbà náà ni ọkọ̀ méèlì wá di ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì tàbí bẹ́ẹ̀ ni ó fi ń ti Èkó dé Liverpool. Ẹbí a tẹ̀lé akẹ́kọ̀ọ́ dé èbúté, wọ́n a ju aṣọ ìnujú sókè, àwọn obìnrin a sì dá orin. Àwọn ọkọ̀ náà ní ìtàn ìbànújẹ́ tiwọn pẹ̀lú: nínú ogun Hitler, Accra àti Apapa rì ní ọdún 1940, Abosso sì rì ní ọdún 1942, níbi tí ó ju 350 ènìyàn lọ ti ṣègbé. Síbẹ̀ ní ọdún 1943, àwọn ọmọ ogun wa tún wọ ọkọ̀, wọ́n yí gúúsù Áfíríkà ká lọ sí Íńdíà àti Burma. Lẹ́yìn ogun, irú ìrìn àjò yìí ń bá a lọ títí di ọdún 1974, nígbà tí ọkọ̀ Aureol ṣe ìrìn àjò rẹ̀ ìkẹyìn láti Èkó.

Ọkọ̀ wọ̀nyí gbé orin lọ, wọ́n sì gbé e padà. Ní ọdún 1922, Álùfáà J. J. Ransome-Kuti, tí ó ti fi ohùn ilẹ̀ wa kọ orin fún ìjọ, rin ìrìn àjò lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó sì kọ orin Yorùbá 43 sínú àwo fún ilé iṣẹ́ Zonophone. Àlùfáà ni, orin ilẹ̀ wa kò sì tì í lójú. Ní ìgbà ogun kejì, ọmọ Èkó kan, Ambrose Campbell, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ oníwàásù, bá ọkọ̀ òkun lọ gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́, ó sì sọ̀ kalẹ̀ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1946, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ olórin West African Rhythm Brothers sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn àwo wọn dé Èkó padà nínú ọkọ̀ kan náà, tí ìyá tí ó wà nílé fi lè gbọ́ ohùn ọmọ tí ó wà lájò. Kò tíì sí irú rẹ̀ rí: ní ìgbà kan rí, ìyá nìkan ni ó ń kọrin láti èbúté, nísinsin yìí, ọmọ ń dá a lóhùn láti òkèèrè.

V. ÀṢÌṢE WA, ÀTI Ọ̀RỌ̀ TI ÒNÍ

A ti ṣe ìlérí pé a ó jẹ́wọ́. Nígbà tí a wà ní ọ̀dọ́ àlùfáà, a rán wa lọ sí ìjọ kékeré kan ní etí ọ̀sà, kò jìnnà sí Ajah. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú ìjọ náà fẹ́ rìnrìn àjò lọ sí òkè òkun láti wá iṣẹ́. Ọkọ̀ ẹlẹ́rọ ni yóò gbé e dé Èkó, kí ó tó lọ wọ bàálù. Ìyá rẹ̀ àti àwọn obìnrin ilé wọn wá sí èbúté, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ orin àtijọ́ náà, èyí tí ń pe orúkọ, tí ń bẹ omi. Ìwé wa ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ojú ni. A rò pé ìbọ̀rìṣà ni bíbẹ omi. A gbé ọwọ́ sókè, a ní kí wọ́n dákẹ́, kí wọ́n kọ orin ìjọ dípò rẹ̀. Wọ́n bọ̀wọ̀ fún wa, wọ́n sì dákẹ́. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè dá orin ìjọ pẹ̀lú omijé lójú. Nínú ìdákẹ́jẹ́ náà ni ọkọ̀ ṣí. Ọmọ náà kò bojú wẹ̀yìn.

Ọmọ náà kò padà wálé mọ́. Kì í ṣe pé ó kú. A gbọ́ pé ó wà láàyè. Nígbà tí ó ṣe, a wá òye, a sì padà lọ bẹ ìyá náà pé kí ó kọ orin náà fún wa kí a lè kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ti darúgbó. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Bàbá, ẹ̀yin ni ẹ ní kí a dákẹ́.” Ó gbìyànjú, ó rántí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kò rántí ìparí. Ìparí náà sì ni ibi tí a ti ń dárúkọ ilé. Kò sí ẹlòmíràn tí ó mọ̀ ọ́n mọ́ ní abúlé náà, nítorí àwọn ìdílé mìíràn ti ta ilẹ̀ wọn fún àwọn tí ń kọ́ ilé ńláńlá, wọ́n sì ti túká.

Bí orin ṣe ń sọnù nìyẹn, ẹ̀yin ará. Nígbà mìíràn, ẹni tí ó ní ọlá ni ó ń sọ pé kí a dákẹ́. Nígbà mìíràn, ilẹ̀ tí a ti ń kọ ọ́ ni a ń gbà. Ní oṣù Keje ọdún 1990, ìjọba ológun wó Maroko palẹ̀, nǹkan bí 300,000 ènìyàn sì di aláìnílé. Díẹ̀ nínú wọn ni a kó lọ sí Ìlàsan, Ìkọ̀tà àti Ẹ̀pẹ́; àwọn ìyókù lọ sí ibi tí ẹsẹ̀ wọn gbé wọn dé. Àwọn yìí kò rí ọkọ̀ Kòsọ́kọ́ wọ̀, kò sì sí Káyókáyó fún wọn.

Nísinsin yìí, ẹ jẹ́ kí a wo àwọn ọ̀dọ́ wa. Ọ̀rọ̀ kan ń bẹ lẹ́nu wọn, èyí ni “jápa,” èyíinì ni kí ènìyàn já ara rẹ̀ gbà kúrò níbi tí ó wà, kí ó sì sá lọ. A ti fi ọ̀rọ̀ náà kọ orin tí a ń gbọ́ nínú gbogbo ọkọ̀ akérò láti Ajah dé Ọbáléndé. A kò bá àwọn ọmọ wí nítorí rẹ̀. Ẹni tí ebi ń pa kò ní kọrin àjẹyó. Ṣùgbọ́n a fi etí sílẹ̀ dáadáa, a sì ṣàkíyèsí pé nínú èyí tí a gbọ́, ohun kẹta náà ti sọnù. A ń kọrin lílọ, a kò dárúkọ ilé mọ́.

Ní òpin oṣù Kẹfà ọdún 2023, àwọn ọkùnrin mẹ́rin kan gun ìtukọ̀ ọkọ̀ òkun ńlá kan ní èbúté Èkó lóru, níbi tí kò ju mítà díẹ̀ lọ sí ojú omi. Wọ́n rò pé ilẹ̀ Yúróòpù ni ọkọ̀ náà ń lọ. Ọjọ́ 14 ni wọ́n lò níbẹ̀, ìgbì ń lù wọ́n lẹ́sẹ̀. Oúnjẹ àti omi wọn tán nígbà tí ó kù díẹ̀, wọ́n sì ń mu omi òkun. Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá gbà wọ́n sílẹ̀, wọ́n béèrè ibi tí wọ́n dé. Ní Bràsíìlì ni. Méjì nínú wọn béèrè láti padà wálé. Méjì bẹ̀bẹ̀ kí a jẹ́ kí wọ́n jókòó síbẹ̀.

Nígbà tí a gbọ́ ìròyìn yìí, a kò lè sùn. Láti Èkó dé Bràsíìlì: ọ̀nà kan náà tí a fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ kó àwọn baba wọn gbà, ni àwọn ọmọ wọ̀nyí fi ọwọ́ ara wọn dì mọ́ irin gbà. Kò sí ẹni tí ó tà wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa: ta ni ó dúró ní èbúté fún wọn? Ta ni ó pe orúkọ wọn? Òru ni wọ́n lọ, ìyá wọn kò mọ̀. Wọ́n lọ bí ẹrú ti ń lọ, láìsí orin.

Nítorí náà, ohun tí a wá bẹ̀ yín fún kò pọ̀. Ẹ má ṣe dá ọmọ tí ó fẹ́ lọ dúró bí kò bá sí ohun tí ẹ ní láti fún un nílé; ẹni tí ó bá sì lè mú kí ilé tó gbé fún un, kí ó ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí ó lọ ní ìdákẹ́jẹ́. Ẹ lọ bá àwọn ìyá àgbà ní Badore, ní Lekki, ní Ẹ̀pẹ́, kí ẹ kọ orin wọn sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣì rántí ìparí rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ ní èbúté, ẹ kọ ọ́ ní ibùdó bàálù, bí àwọn arìnrìn-àjò yòókù tilẹ̀ ń wò yín. Ẹ pe orúkọ ọmọ náà, ẹ gbàdúrà fún ọ̀nà rẹ̀, ẹ sì dárúkọ ilé. Àjò kì í dùn kí onílé má re ilé, ṣùgbọ́n ẹni tí a kò dárúkọ ilé sí létí, báwo ni yóò ṣe mọ ibi tí yóò padà sí?

Àwa tí a ní kí wọ́n dákẹ́ nígbà kan ni a ń sọ fún yín lónìí pé kí ẹ kọrin.